Ìyá Ẹlẹ́pà àti Àlùjànnú Tí Mo Sọ Di Mùsùlùmí

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe, torí bí mo bá gbé e sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí n má sọ ọ́ mọ́. Èmi ni mo sọ àlùjànnú inú ìwé kan di mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n Ìyá lọ láìgbọ́ ìwé yẹn bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́, ìtìjú tèmi ló sì fà á.

Ìyá tó bí bàbá mi ni mò ń sọ. Sàlámátù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Ọjà Tuntun ní Ìlọrin tó ń béèrè Sàlámátù, ẹsẹ̀ á ro ó. Ìyá Ẹlẹ́pà ni kó béèrè. Ẹ̀pà yíyan ni wọ́n ń tà, àti kúlíkúlí, lábẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé kan tí oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di funfun. Wọ́n kúrú, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn wọn nìkan ló sanra. Bí Ìyá bá kí èèyàn nídìí ẹ̀pà, àwọn aláṣọ lọ́hùn-ún á dáhùn.

Ìwé ni wọ́n fi ń wé ẹ̀pà. Tákàdá ni Ìyá ń pe bébà, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pè é. Àwọn tó ń ra tákàdá kiri á gbé àpò wá: ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìwé ìròyìn, àti ìwé ìtàn tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Àwọn ẹlẹ́pà yòókù á kàn máa fà á ya ni. Ìyá kì í fa ìwé ìtàn ya àfi bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ kà nínú rẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n ka Kùránì já, wọ́n ti ṣe wòlímọ̀ kí wọ́n tó wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n ABD kò yé wọn. Ẹni tó bá ń kọjá tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó kàwé ni wọ́n ń pè.

"Ọmọ mi, wá kà fún mi, wá gba ẹ̀pà."

Ọmọ ọ̀hún á ṣí ìwé, á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ìyá á ní rárá, kó lọ sí àárín.

"Ìyá, ẹ ò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

"Ṣé mo bi ọ́ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀? Kà á."

Bó bá ti ń kà, Ìyá á mú ẹ̀pà kan ṣoṣo, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò bó èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìwé náà bá wọ̀ wọ́n lára, ẹ̀pà náà á bọ́ sẹ́nu. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á dá a padà sínú àwo, wọ́n á sì dá ẹjọ́: "Ẹ̀pà." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tákàdá ẹ̀pà ló máa jẹ́. Èyí tó bá yege, abẹ́ àpótí tí wọ́n ń jókòó lé ló ń lọ, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń yá a kà. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tó jẹ́ àárín nìkan. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò tíì ra nǹkan lọ́jà rí.

"Ẹni tó ń tajà, èyí tó dáa ló ń kó sójú abọ́. Àárín abọ́ ni kí o ti mú un."

Gbogbo ìtàn kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn o. Ìtàn olè àti ọlọ́pàá, ẹ̀pà ni. Ìtàn ẹni tó jìyà tó jìyà tó wá kú, ẹ̀pà ni, wọ́n ní àwọn rí ìyẹn ládùúgbò. Ohun tí Ìyá ń fẹ́ ni ìfẹ́, kí nǹkan abàmì sì wà nínú ìfẹ́ náà: kí ọkọ jẹ́ ẹyẹ, kí ìyàwó wá láti ìsàlẹ̀ omi, kí ẹnì kan rìn dé ibi tí ènìyàn kì í dé nítorí ẹni tó fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni ẹ̀pà ti ń bọ́ sẹ́nu.

Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹnu tiwọn jẹun fún ẹlòmíì. Ìyàwó kan láàárín àwọn aláṣọ wá yá ìwé ní ọjọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jà. Ìwé tí gbogbo ọjà ń ròyìn nígbà yẹn, tí ọkọ inú rẹ̀ jẹ́ òmùgọ̀ paraku, ló ń béèrè. Ìyá jókòó lé e mọ́lẹ̀, wọn ò dìde.

"Ìyá, Ìyá Ṣéríìfù ní ó dùn gan-an."

"Ó dùn mọ́ Ìyá Ṣéríìfù, ọkọ tiẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ nílé. Ìwọ padà wá bí inú rẹ bá rọ̀. Ìwé tó bá ọ̀rẹ́ rẹ mu lè fún ọ lọ́rùn."

Ìyá náà máa ń ṣi ẹjọ́ dá. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú ló ka ìwé fún wọn, ó ń kà á bí ẹni tó ń ka iye owó iná. Ìyá ní, "Ẹ̀pà." Wọ́n fà á ya, wọ́n fi tà láàárọ̀. Ó di ọ̀sán, oníbàárà kan gba ẹ̀pà, kò tíì jẹ ẹ́, ó dúró ń ka tákàdá tí wọ́n fi wé e, ó sì ń kà á sókè. Ẹyẹ kan ló ń wá sójú fèrèsé obìnrin kan, obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú ẹyẹ náà dáadáa, ó rí i pé ojú ọkọ òun ni. Tákàdá sì parí síbẹ̀.

Ìyá dìde. Mo ti ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akérò nígbà yẹn, mo sì wá gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bí a ṣe yí Ọjà Tuntun ká nìyẹn, Ìyá yọ orí síta, ohùn wọn ń lọ níwájú wa: "Ẹ̀yin tí ẹ ra ẹ̀pà lọ́wọ́ mi láàárọ̀, ẹ dá tákàdá mi padà, ẹ máa jẹ ẹ̀pà yín lọ." Mọ́là tó ń ta àlùbọ́sà ti fi tiẹ̀ nu ọwọ́, ó ní kí wọ́n má bínú, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó ń nà án fún wọn. A rí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ gbà. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni a ò rí. Ọkùnrin kan ti bá a wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀fà. Títí Ìyá fi kúrò lọ́jà, ẹni tó bá ti Ọ̀fà dé, wọ́n á kí i tán, wọ́n á sì bi í bóyá kò bá àwọn rí tákàdá kan. Èmi fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé ìtàn ẹyẹ lásán ni. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní:

"Àlàó, ìtàn tí a ò gbọ́ ìparí rẹ̀, àlejò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni. Kò wọlé, kò sì lọ."

Ẹni tó ń bá Ìyá jà nítorí ìwé ni àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àáfà. Àáfà ní ilé-kéú lẹ́yìn ilé wa, wọ́n sì tún ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba, òyìnbó tí à ń pè ní èèbó sì já gaara lẹ́nu wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ara wọn kò gba ìtàn ìfẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú gbogbo wa.

"Ìyá, ẹ ti dàgbà. Ìtàn ọkùnrin ń wo obìnrin, obìnrin ń wo ọkùnrin, kò yẹ yín mọ́. Bó bá jẹ́ ìwé ìròyìn ni ẹ ní kí wọ́n máa kà fún yín, ìyẹn dáa."

"Ta ló bí ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ṣé ìwé ìròyìn ni mo fi bí ọ ni?"

Àwọn ọmọ kéú gbé wàláà bo ojú, èjìká wọn ń mì. Àáfà náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wọlé lọ.

Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí Ìyá lè lọ sọ́jà mọ́, àpótí wá sílé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá jókòó lé e, mo sì di ẹni tó ń kàwé fún wọn. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé. Mi ò parí ilé-ìwé girama. Bí mo bá ń ka èèbó, díẹ̀díẹ̀ ni, mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ, èyí tí kò bá yé mi, mo ń fi orí sọ ọ́. Lẹ́yìn alásàárì, bí mo bá ti já èrò tó ń lọ sí Challenge sílẹ̀, mo ń yà sílé kà díẹ̀ kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láàárín àwọn èrò mi, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Títí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, tó ń gbé ní Tanke torí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kì í tẹ fóònù nínú kẹ̀kẹ́ bí àwọn yòókù, ìwé ńlá ló máa ń kà. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyá fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìwé tó ń kà lé mi lọ́wọ́.

"Brọ̀dá Wàhábì, ìwé yìí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn o. Ìfẹ́ ni, idán ni, wọ́n sì lọ́ra wọn pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìfẹ́ nìkan, idán á sú u. Ẹni tó bá ń wá idán, á ní kí wọ́n fi ìfẹ́ sílẹ̀."

"Ìyá mi ń wá méjèèjì."

"Ẹ kà á fún wọn, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ó bá wọn mu. Màmá tèmi ní ìwé ẹni tí orí rẹ̀ kò pé ni. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun ún. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí àgbà míì máa sọ."

Mo gbé e délé. Ìyá mú ẹ̀pà kan. Mo ṣí i ní àárín, bí òfin ṣe wí. Ọmọ oníyọ̀ kan ló dúró nínú kùrukùru pẹ̀lú ọkùnrin kan tí kò ní òjìji, ẹni tó jẹ́ pé ọmọbìnrin náà nìkan ló ń rí i. Mo kà á lọ sísàlẹ̀, ojú mi rí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n dì mọ́ra wọn. Wọn kò sì tètè tú.

Mo fò ó. Mo ṣí ewé.

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n kí ara wọn, Ìyá."

"Odidi ojú ewé kan?"

"Ìkíni wọn gùn ni."

"Ará Ìlọrin ni wọ́n nìyẹn. Ta wá ni ọkùnrin yẹn?"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èèbó fi ń pe irú rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní àlùjànnú ni. Ìyá jókòó dáadáa.

"Àlùjànnú mùsùlùmí ni, àbí kèfèrí?"

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má mọ bí ìbéèrè yẹn ti tóbi tó. Láti ilé-kéú ni a ti mọ̀ pé àwọn àlùjànnú ní mùsùlùmí, wọ́n sì ní kèfèrí. Bí mo bá pe ti inú ìwé yìí ní kèfèrí, ọmọ oníyọ̀ ti gbé, ìwé sì ti di ẹ̀pà. Bẹ́ẹ̀ ojú ewé kan péré yẹn ti wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa parí.

"Mùsùlùmí ni, Ìyá."

"Àlùhàmúdùlíláì." Ẹ̀pà bọ́ sẹ́nu wọn. "Abẹ́ àpótí."

Bí wàhálà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ èèyàn di mùsùlùmí gbọ́dọ̀ bá a kírun. Nígbà tí wọ́n mu ọtí nínú ìwé, mo ní sóbò ni wọ́n mu. Nígbà tí ọmọbìnrin náà kó lọ sí ààfin ọkùnrin yẹn láìsí ìgbéyàwó, mo ní láti wá wálíyù tó máa fà á fọ́kọ fún un, mo sì so yìgì fún wọn lójú ẹsẹ̀.

"Kí ló fi ṣe sàdáàkì?"

Mo wá owó-orí ìyàwó nínú ìwé. Ìwé kò ràn mí lọ́wọ́. "Iyọ̀ ni."

"Ọmọ oníyọ̀, ó fi iyọ̀ fẹ́ ẹ?"

"Iyọ̀ abàmì ni, Ìyá."

"Hm-hm." Wọ́n ń bó ẹ̀pà ọwọ́ wọn. "Máa kà á lọ."

Àáfà gbọ́ sí i. Wọ́n jáde wá, wọ́n ní ta ló so yìgì fún àlùjànnú àti ọmọ èèyàn, wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ìyá ní, "Mùsùlùmí ni. Wàhábì ló kà á fún mi, ọmọ mi kì í parọ́." Àáfà na ọwọ́, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ṣí i ní àárín. Ọmọ Ìyá ni wọ́n náà. Wọ́n kà á, wọ́n tún kà á. Wọ́n gbé ojú sókè lórí jígí wọn, wọ́n wò mí, wọ́n wo Ìyá.

"Òótọ́ ni," Àáfà ní. "Mùsùlùmí ni. Ó kàn jọ pé kò tíì mọ àlùwàlá dáadáa."

Lẹ́yìn ilé, wọ́n fa etí mi bí ẹni pé mo ṣì jẹ́ ọmọ kéú. "Láti ìgbà tí mo ti ń wàásù, mi ò tíì mú odidi ìlú kan wọnú ẹ̀sìn rí. Ìwọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, o mú wọn wọlé tán. Lọ sọ òótọ́ fún Ìyá." Wọ́n ń lọ, wọ́n tún yíjú padà. "Ọmọ oníyọ̀ yẹn, ṣé ó padà rí ìyá rẹ̀?"

Mi ò sọ òótọ́ fún Ìyá. Wọ́n ń gbádùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ohun tí mi ò kíyè sí ni pé láti ọjọ́ sóbò, ẹ̀pà ọwọ́ wọn kò bọ́ sẹ́nu mọ́. Wọ́n á bó o, wọ́n á bó o, wọ́n á rọra dá a padà sínú àwo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń sọ bí àlùjànnú náà ṣe ń gbààwẹ̀, Ìyá gbé ọwọ́ lé ìwé náà.

"Àlàó. Èèbó wo ló mọ sàdáàkì?"

Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn lórí ìwé náà.

"Ìtàn rẹ dùn. Bó o bá kọ ọ́, màá fi í sábẹ́ àpótí. Ṣùgbọ́n tìrẹ nìyẹn, mo ń béèrè ti onítọ̀hún."

"Ìyá, àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí n kà sí yín létí."

"Ṣé ìwé ìròyìn ni mo fi bí bàbá rẹ?"

A rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Wọn ò gbé ọwọ́ kúrò.

"Nígbà tí mo sọ fún Àáfà pé o kì í parọ́, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. O bá mi tọ́ ọ wò, o bá mi tu ú dànù. Ẹnu ta ni? Bó bá máa korò, jẹ́ kó korò lẹ́nu mi."

Mo tọrọ àforíjì. Mo ní màá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní fo nǹkan kan. Ràmàdáànì ti dé tán, a jọ fi sí ẹ̀yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, torí Kùránì ni ti oṣù yẹn. Ọdún kọjá. Mo ní ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ ń yọ mí lẹ́nu. Òótọ́ ni pé ó ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n òótọ́ tó jù ni pé ojú ń tì mí. Lẹ́yìn àsùbáà ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá jókòó sórí pẹrẹsẹ tí wọ́n fi kírun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gbọ́ nǹkan.

Títí wá kí wa ní ọjọ́ fìdáù. Ó ta gèlè, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin, nígbà tí àdúà parí ó wá bá mi lẹ́bàá kẹ̀kẹ́.

"Brọ̀dá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Ìyá. Ẹ má ro pé ìwé mi ni mo wá gbà o. Mo kàn ní kí n bi yín ni. Ṣé ó bá wọn mu?"

Mo ní, "Abẹ́ àpótí ló wà."

Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló wà. Ojú rẹ̀ tàn, omi sì tún wà nínú rẹ̀. Ó ní òun máa pe màmá òun lójú ẹsẹ̀, pé àgbà kan ní Ìlọrin, tó ka Kùránì já, fẹ́ràn ìwé tí wọ́n fẹ́ dáná sun. Ó fa fóònù yọ. Mo jẹ́ kó pè é.

Ní báyìí mò ń kà á. Níbi tí kẹ̀kẹ́ wa ti ń tò de èrò ní Tanke, mò ń kà á láti ojú ewé kìíní, mi ò fo ohunkóhun. Àáfà mọ̀, lẹ́yìn Jímọ̀ wọ́n ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, wọ́n á ní kí n sọ ibi tí ọmọ oníyọ̀ dé, wọ́n á fa fìlà bo ojú bó bá di ibi kan. Lánàá mo dé inú kùrukùru yẹn, níbi tí mo ti ní wọ́n kí ara wọn. Mo mú ẹ̀pà kan, mo bó o, mo kà á tán. Ẹ̀pà náà bọ́ sẹ́nu mi.

Ti ẹnu tèmi nìyẹn. Ti Ìyá, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé, torí àlùjànnú tí wọ́n fi sábẹ́ àpótí kì í ṣe ti Títí, tèmi ni. Títí ṣì ń wọ kẹ̀kẹ́ mi láràárọ̀, ó ń jókòó sẹ́yìn, ó ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Gbólóhùn yẹn, pé Ìyá kò gbọ́ ìwé rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ni gbèsè tí mo jẹ ẹ́. Bí a bá dé ẹnu geeti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo máa ń la ẹnu láti sọ ọ́, á sì ti bọ́ sílẹ̀.